Ìka Ọwọ́ Òsì Màmá

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá ń gbá géèmù lórí fóònù yín, tí akọni inú rẹ̀ ń tẹ òkúta mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀kùn irin ń ké, tí egungun ọ̀tá ń kán, ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó ń ṣe gbogbo ohùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni. Egungun tó kán yẹn, kárọ́ọ̀tì ni mo ṣẹ́ síwájú máíkì. Òjò tó ń rọ̀ yẹn, ìrẹsì ni mo dà sórí páànù. Màmá wa, tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, kò ka èyí kún iṣẹ́. Bí àlejò bá béèrè ohun tí àbígbẹ̀yìn wọn ń ṣe, wọ́n á ní, "Ariwo ló ń pa. Wọ́n sì ń sanwó ẹ̀ fún un."

Géèmù gan-an ni wọn ò fẹ́ rí sójú. Èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kún dúrọ́ọ̀ kan ní ọ́fíìsì wọn. Nílé wa, a kì í dárúkọ ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kan ọ̀kan nílé ọ̀rẹ́ mi, tí Màmá sì gbọ́, ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Dádì ló gbà mí sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbà mí sílẹ̀ náà ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì rò pé èmi ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.

Nígbà tó yá, Dádì ṣàìsàn, wọ́n dá wọn dúró sí ọsíbítù. Ọjọ́ kan tí Màmá ń di oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún wọn, wọ́n ṣubú lulẹ̀ ní kíṣìnnì pẹ̀lú ọmọrí fúláàsì lọ́wọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu sì pa dé. Kí Màmá tó kúrò ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé wọn sí, Dádì ti kú ní wọ́ọ̀dù kejì.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọkùnrin. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ló ń ṣe, ó sì fẹ́ràn kí nǹkan dúró lójú ìlà. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é, torí ó ti ń lọ sílé-ìwé kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, "ó" ni màá pè é, nítorí pé inú ẹ̀ ṣì ń bí mi díẹ̀, àti nítorí pé bí gbogbo àgbà ilé wa bá jẹ́ "wọ́n", ẹ ò ní mọ ta ló ṣe kí ni. Òun ló ní kí a má sọ fún Màmá pé Dádì ti kú. "Ẹni tí ò mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́," ó ní, "ìyẹn la fẹ́ túfọ̀ fún?"

Mo gbà. A sin Dádì. Àwọn tó ń wá bá wa kẹ́dùn, pálọ̀ ni a ti ń gbà wọ́n, a ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá Màmá gbọin-gbọin. A yọ fìlà Dádì kúrò lára ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí a bá fẹ́ wọlé tọ Màmá, a ó kọ́kọ́ nu ojú, a ó sì fi ẹ̀rín bojú. Nígbà tí ẹkún bá fẹ́ pa mí, ilé ìwẹ̀ ni mo máa ń sá lọ, màá ṣí omi ẹ̀rọ kó máa ya, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó ń mira lára Màmá ni ìka ọwọ́ òsì. Wọ́n ń fi í kan igi bẹ́ẹ̀dì: kokoko, ko, kokoko, ko. Lẹ́yìn náà á dákẹ́. Bó bá ṣe díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní ó lè jẹ́ ara tó ń gbọ̀n lásán, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a máa fi sùúrù ṣàkíyèsí ẹ̀. Obìnrin tó máa ń wá bá Màmá na apá na ẹsẹ̀ náà sọ tiẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá bi wọ́n ní nǹkan, ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, èsì náà á sì pẹ́ kó tó padà." A ní a gbọ́. Ṣùgbọ́n sùúrù dà?

Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn kí n lè wà nítòsí wọn. Pákó lásán ni wọ́n fi dá yàrá Màmá yà kúrò lára pálọ̀ lápá kan, àti kúrò lára ilé ìwẹ̀ lápá kejì. Bí ẹnì kan bá sín lọ́hùn-ún, àfi kí ẹni tó wà níbí kí i pẹ̀lẹ́. Nítorí náà kò sí ohùn tí mo gbà sílẹ̀ tí ìka Màmá kì í sí nínú ẹ̀. Jagunjagun kan ń yọ́ rìn nínú igbó, kokoko, ko. Ọba kan ń kú lọ lórí ìtẹ́, kokoko, ko. Mo ń gé e dànù lórí kọ̀mpútà títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ kan mo mú tìmùtìmù kékeré kan, mo tì í sábẹ́ ọwọ́ Màmá. Ìka ń lọ sókè sódò, kò dún mọ́. Mo dúpẹ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ máa ń yọ ọ́ kúrò. Bó bá ti lọ, màá dá a padà.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní òun ti rí ilé ìtọ́jú kan, ibi tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó tí ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ sí. Ọkọ̀ wọn á wá gbé Màmá ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ní kò ṣeé ṣe. Pálọ̀ ni a ti jà á, a sì jà á dáadáa.

"Màmá ò sí níbẹ̀ mọ́," ó ní. "Ara wọn ló kù. Wo ìwọ náà. O ti rù bí ìgbálẹ̀. Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?"

"Mo ń jẹun."

"Irọ́ lò ń pa. Ó dáa, gbọ́. Fi ohun kan hàn mí, ohun kan péré tí Màmá ṣe tó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé a wà. Bí mo bá rí i, màá sọ fún ọlọ́kọ̀ kó má wá mọ́."

Mo wọ yàrá, mo ní, "Màmá, bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ wo ọ̀dọ̀ mi." Màmá ń wo àjà. Ẹ̀gbọ́n mi wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó mirí, ó jáde. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo tẹ̀ lé e jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku ọ̀la kí ọkọ̀ dé, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pe gbogbo wa jọ ní àárọ̀. Ọ̀gá Kékeré là ń pè é torí ọmọdé ni láàárín wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fojú kékeré wò ó. Ó ti ra máṣìn géèmù àtijọ́ kan tó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tí ọ̀dà ara ẹ̀ ti bó, tí iná ojú ẹ̀ ń ṣẹ́jú. Akọni Méjì lorúkọ géèmù inú ẹ̀. Ẹni méjì ló ń gbá a pọ̀: ọ̀kan dé fìlà pupa, èkejì dé fìlà funfun. Omi ń lé wọn bọ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń fò láti orí òrùlé kan dé òmíràn, àwọn ẹyẹ onírin sì ń yìnbọn lù wọ́n láti òkè. Èèyàn inú ẹ̀ ò ju búlọ́ọ̀kù mélòó kan tí wọ́n tò léra wọn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," Ọ̀gá Kékeré ní. "Gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe níbí, lára eléyìí la ti jí i. Kó tó dé, bí ẹnì kejì èèyàn bá ń kú nínú géèmù, fífi í sílẹ̀ sáré lọ ni. Eléyìí ló kọ́ wa pé èèyàn lè yọ nínú ẹ̀mí ara ẹ̀ fún un. Ẹ wò ó."

Ọta ba onífìlà funfun. Ó kúnlẹ̀ lórí òrùlé, omi ń bọ̀. Ọ̀gá Kékeré, tó ń darí onífìlà pupa, gbé ìka lé bọ́tìnì. Kokoko, ko. Kokoko, ko. Ó sì dúró.

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló ń ṣe mí, pé àìsùn ló fà á.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ohùn tí mo ti ń gé dànù láti ìgbà tí Màmá ti ti ọsíbítù dé ni. Mo yọ fóònù mi, mo wá ọ̀kan nínú àwọn èyí tí n kò tíì gé, mo fi íápíìsì sí Ọ̀gá Kékeré létí. Ó gbọ́ ọ. Ó tún un gbọ́. Ó wá kọjú sí mi.

"Àǹtí Olóhùn, ta ló ń gbá Akọni Méjì nílé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbá a."

"Ẹnì kan ń gbá a, ó sì mọ̀ ọ́n gbá. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa ìkẹyìn yẹn díẹ̀. Bọ́tìnì máṣìn yìí le, ẹni tó bá ti mọ́ lára ló ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì gbọ́ ibi tó ti dákẹ́. Ó ń dúró de èkejì ẹ̀ ni. Èkejì gbọ́dọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ko-ko, kí ẹ̀mí tó wọ ara ẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ̀mí náà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, onítọ̀hún á sì tún bẹ̀rẹ̀." Ó yọ íápíìsì létí. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn?"

N kò mọ bí mo ṣe délé. Mo ṣáà rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo ìka Màmá tó ń lọ sókè sódò lórí tìmùtìmù tí mo tì sábẹ́ ẹ̀, láìdún. Mo fa tìmùtìmù náà yọ. Kokoko, ko. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún nítorí etí mi.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá kíákíá. Ó rò pé Màmá ti kú ni, ó sáré wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ pápá lára bàtà. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ohun tí mo rí níbi iṣẹ́ fún un, mo sì ń retí kó fi mí ṣẹ̀sín. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Akọni Méjì," ó ní. "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹ láéláé."

"Sọ kí ni?"

"Dádì ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kí wọ́n tó bí ẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Màmá. Orí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ ni mo ti máa ń sùn, màá máa gbọ́ ohùn Màmá lójú oorun: 'Fò! Mo ní kó o fò!' Dádì ni wọ́n ń bá wí."

"Màmá wa?"

"Màmá wa. Kò sẹ́ni tó lè nà wọ́n nínú géèmù yẹn ní gbogbo àdúgbò. Ìgbà tí wọ́n di ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n ní kí Dádì ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ mọ́. Wọ́n ní òbí wo ló máa fa ọmọ ẹ̀ lé ọ̀gá tó ń yìnbọn lu ẹyẹ onírin lọ́wọ́."

Mo rántí dúrọ́ọ̀ tó kún fún géèmù. Mo rántí ohun tí ojú mi rí nílé nítorí géèmù ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rín músẹ́ Dádì ọjọ́sí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti gbọ́ ìka yẹn lórí igi bẹ́ẹ̀dì rí, ṣùgbọ́n nínú ariwo ṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, ta ló gbọ́ bọ́tìnì?

Ohun tó kù, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú wa. Èmi ni mo sọ ọ́.

"Dádì ni wọ́n ń fún lẹ́mìí. Wọ́n rò pé Dádì ṣì wà ní ọsíbítù, wọ́n ń retí kí Dádì dáhùn."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìbojú. Láti ìgbà tí a ti sin Dádì, n kò rí i kó sunkún lójú mi. Ó ní, "Dá wọn lóhùn. Fi ìka kan igi yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí Màmá lè sinmi."

Ìka mi ti wà lórí igi. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù mí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, Màmá á gbà pé Dádì gbà á, pé wọ́n ti dìde, pé wọ́n ń fò lọ lórí òrùlé.

"Rárá," mo ní. "Irọ́ tí a ti pa fún wọn tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ fún wọn. Ẹ sọ ọ́ wàyí."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àgbà ọkùnrin tó jẹ́. Ó ní, "Màmá. Dádì ti kú. Ọjọ́ kejì tí ẹ dé wọ́ọ̀dù ni. A ti sin wọ́n. A purọ́ fún yín, ẹ má bínú. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Màmá ń wo àjà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dìde, ó ti ń wo aago ọwọ́ ẹ̀. Mo di èjìká ẹ̀ mú mọ́lẹ̀. "Ẹ dúró," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká dúró de èsì."

A dúró. Ó pẹ́ débi pé ìtìjú bẹ̀rẹ̀ sí mú mi, mo ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ, bóyá ara tó ń gbọ̀n lásán ni. Ìgbà náà ni ojú Màmá kúrò lára àjà. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Ó dé orí ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí fìlà Dádì máa ń wà, ó dúró síbẹ̀. Ó tún yí, ó lọ sára ògiri pákó tó wà láàárín wa àti pálọ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ògiri létí. Ó yé wa lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí wa pé ẹ kú àràfẹ́rakù, Màmá gbọ́ wọn. Wọ́n gbọ́ ìsìnkú tí a ń ṣètò. Wọ́n gbọ́ ilé ìtọ́jú àti ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n gbọ́ "Màmá ò sí níbẹ̀ mọ́." Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀, tí wọ́n sì ń wo àwa méjèèjì tí a ń fi ẹ̀rín bojú wọlé tọ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. "Màmá, bí ẹ bá mọ̀ pé Dádì ti lọ," ó ní, "ta wá ni ẹ ń fún lẹ́mìí?"

A tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí ojú wọn ò lọ síbì kankan. Ọwọ́ òsì ló kúrò lára igi. Ó ń wọ́ bọ̀ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sinmi, ó ń wọ́ bọ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó bà lé ọrùn ọwọ́ mi, níbi tí egungun ti yọ síta. Kokoko, ko. Kokoko, ko.

Irú ògiri pákó kan náà ló wà láàárín yàrá yẹn àti ilé ìwẹ̀, omi ẹ̀rọ tí mò ń ṣí kò sì bo nǹkan kan. Wọ́n ti ń gbọ́ mi. Wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀, apá kan òkú, ọkọ wọn wà nínú ilẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ẹkún ọmọ wọn, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì lè ṣe sí i ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ dálẹ́. Èmi sì ń gé e dànù. Èmi ni mo ti tìmùtìmù sábẹ́ ẹ̀.

Ìka náà ti dákẹ́. Ó ń dúró.

Mo fi ìka mi kan ẹ̀yìn ọwọ́ wọn. Ko-ko. Ọwọ́ Màmá tú sílẹ̀ lórí ọwọ́ mi, ó dákẹ́, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, yàrá náà pa rọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ sí pálọ̀. A gbọ́ ọ, èmi àti Màmá, tó ń sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó má wá mọ́. Mo gbéra lọ sí kíṣìnnì, mo bu oúnjẹ, mo gbé e padà wá jókòó tì wọ́n. N kò ráyè gbé tábìlì, orí itan mi ni mo gbé àwo lé. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá, mo sì ń jẹ́ kí ṣíbí máa kan àwo dáadáa, kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ.